Alisoun Ará Bath àti Alice Oníṣòwò: Bí Wọ́n Ṣe Ń Fi Ewì Àtúnsọ Wé Ìyá Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ fi ewì ìwòyí wé ewì àtijọ́ tó bí i, kó má fi àkókò ṣòfò púpọ̀ níbi tí wọ́n ti jọra. Ibi tó dà bíi pé èyí ọmọ ti ṣìnà ni kó tẹjú mọ́, kó wá padà lọ yẹ èyí ìyá wò. Nígbà mìíràn, ohun tí èèyàn ń pè ní àfikún ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹ wo The Wife of Bafa. Patience Agbabi ló kọ ọ́, akéwì tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1965, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ó jáde nínú Transformatrix (2000), ṣáájú Telling Tales (2014), ìwé tó fi tún Canterbury Tales sọ, àkójọ ìtàn tí àwọn arìnrìn-àjò ń sọ fún ara wọn, èyí tí Geoffrey Chaucer kọ kó tó kú lọ́dún 1400. Ẹṣin ni àwọn arìnrìn-àjò Chaucer gùn láti Southwark lọ sí Canterbury. Ti Agbabi, nínú Telling Tales, wọ bọ́ọ̀sì.

Ahunṣọ ni Alisoun ará Bath, ọ̀kan nínú àwọn arìnrìn-àjò Chaucer, ọkọ márùn-ún ló sì fẹ́. Alice Ebi Bafa, tó ń sọ̀rọ̀ nínú ewì Agbabi, náà fẹ́ márùn-ún, léèsì àti áńkárá ló ń tà. Nínú ewì méjèèjì, arúgbó olówó ni ọkọ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìkẹrin jẹ́ alágbèrè, ìkarùn-ún sì jẹ́ ọ̀dọ́ akàwé: ti Alisoun kàwé ní Oxford, ti Alice ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ìbàdàn. Pàṣípààrọ̀ lásán nìyẹn.

Orí ìjà ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Ìwé kan wà lọ́wọ́ Jankyn, ọkọ karùn-ún Alisoun, tó kún fún ìtàn àwọn obìnrin burúkú, òun ló sì máa ń kà sí ìyàwó létí. Ìyàwó fa ojú ìwé mẹ́ta ya, ó fún ọkọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ọkọ ṣubú sẹ́yìn sínú iná, ló bá dìde, ó lù ú lórí títí etí rẹ̀ kan fi di. Ìgbà tí wọ́n parí ìjà, tí ọkọ gbé àṣẹ ilé lé e lọ́wọ́, ni ìwé tó jóná. Playboy, ìwé ìròyìn oníhòòhò, ni Agbabi fi rọ́pò ìwé yẹn, Alice sì jù ú síná kí ẹnikẹ́ni tó lu ẹnikẹ́ni. Iná tó parí ìjà nílé Jankyn ló dá a sílẹ̀ nílé Alice. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló ṣe ìwé méjèèjì, tí wọ́n fi ń júwe obìnrin fún ara wọn.

Àwọn méjèèjì ló ní èjí. Láyé Chaucer, àmì onífẹ̀ẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni àwọn kan kà á sí. Lójú wa, ẹwà ni. Agbabi kò ní láti yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà kí eyín náà tó di ohun mìíràn. Alisoun ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ṣá pé ó yẹ òun.

Ohun tó sọnù náà wà. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú Alisoun ju 800 ìlà lọ. Ti Alice kò tó 100. Bí Alisoun ṣe ń fi Bíbélì bá àwọn àlùfáà jà, tó ń fi ìyàwó Sólómọ́nì rẹpẹtẹ gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Àdánù ni, nítorí oníṣòwò Èkó tó mọ ẹsẹ Bíbélì tó máa fi dá ọkọ lóhùn kò ṣọ̀wọ́n.

Ó wá ku ìparí, níbi tí Alice ti ń fi gèlè lọ oníbàárà ní pọ́ùn 50, tó ń bẹ̀ ẹ́ kó rà á. Ó jọ àwàdà tí akéwì fi kún un. Àmọ́ gèlè Alisoun náà kì í ṣe kékeré: Chaucer ní ó tó pọ́ùn mẹ́wàá, ti ìwọ̀n ni o, kì í ṣe ti owó. Alisoun ló sì kọ́kọ́ sọ pé títà ni gbogbo nǹkan, pé ìyẹ̀fun òun ti tán, eèrí ọkà tó kù ni òun ń wá bí òun ṣe máa tà. Alice ní tirẹ̀, lẹ́yìn ọkọ márùn-ún, ní òun yóò pé ọdún 29 lọ́jọ́ ìbí òun tó ń bọ̀.