Bí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ṣe ń sọ àgbà di hẹ́gẹhẹ̀gẹ

Bó bá jẹ́ ọjọ́ ogbó nìkan ló ń sọ àgbà di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, gbogbo ẹni ọgọ́rin ọdún ì bá máa di ògiri mú rìn. Ní 2001, Linda Fried, dókítà tó ń tọ́jú àwọn àgbà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ka àmì márùn-ún tí a fi ń mọ̀ ọ́n: kéèyàn rù láìjẹ́ pé ó fẹ́ rù, kó máa rẹ̀ ẹ́ ṣáá, kí ọwọ́ má lè di nǹkan mú gírígírí, kí ìrìn falẹ̀, kó má sì fi bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò mọ́. Ẹni tó bá ní mẹ́ta ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ.

Inú ẹran itan gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àká ni ẹran ara jẹ́. Bí àìsàn bá dé, ibẹ̀ ni ara ti ń bu purotéènì tó fi ń jà. Ọ̀dọ́ á tún àká tirẹ̀ kún kíá. Àgbà lè jẹ iye oúnjẹ kan náà, síbẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ló máa dẹran. Àtọ̀gbẹ, àrùn ọkàn àti àrùn kíndìnrín wá dà bí olè tó ti mọ ọ̀nà àká: alaalẹ́ ló ń wá, ìwọ̀nba ló ń kó, ajá kì í gbó. Bí wọ́n bá tún dá àgbà dùbúlẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu nìyẹn. Nínú ìwádìí kan, àwọn àgbà tára wọn le dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré. Nǹkan bíi kílò kan ló lọ nínú ẹran ẹsẹ̀ wọn.

Ìdí nìyí tí “Màmá, ẹ jókòó, a ó bá yín ṣe é” fi léwu, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwà ọmọlúàbí. Èyí tó tún burú ni ká gba iṣu àti ẹ̀bà lọ́wọ́ alátọ̀gbẹ, ká má fi ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà dípò.

Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀bi tiẹ̀. Dókítà ọkàn ń wo ọkàn, ti ṣúgà ń wo ṣúgà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó le jù sì lè mú kí òòyì kọ́ àgbà bó bá ṣe ń dìde, kó ṣubú. Ta ló wo ìrìn rẹ̀? Ẹ ní kó rìn mítà mẹ́rin péré. Bó bá gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ, ó yẹ ká tún ara náà yẹ̀ wò.

Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn ará ilé ìtọ́jú arúgbó máa fi ẹsẹ̀ ti ohun wíwúwo fún ọ̀sẹ̀ 10. Ọjọ́ orí wọn tó 87 ní ìpíndọ́gba. Nínú àbájáde tó jáde ní 1994, agbára iṣan wọn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó gba àfikún oúnjẹ nìkan, tí wọn ò ṣe eré ìdárayá náà, kò rí irú rẹ̀.