Owó bàbà àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wo etí rẹ̀ kó o tó rà á

Ìbéèrè: Mo rí owó bàbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ti pẹ́. Orúkọ ìlú àti ti oníṣòwò ló wà lára rẹ̀, kò sí orí ọba níbẹ̀. Ṣé ayédèrú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Lẹ́yìn ọdún 1775, ìjọba ò rọ ààbọ̀ pẹ́nì tuntun mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ayédèrú sì gba ọjà kan. Bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ń retí owó ọ̀sẹ̀ wọn. Ní 1787, Parys Mine Company, tó ń wa bàbà ní Anglesey, erékùṣù kan ní Wales, rọ tirẹ̀, ó ya orí àlùfáà ìbílẹ̀ àtijọ́ sí i. Àwọn oníṣòwò ìlú mìíràn tẹ̀ lé e. Ìlérí ni owó náà: ẹni tó bá kó o padà fún ẹni tó gbé e jáde, á gba owó ìjọba.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ìkọ̀wé fi wà ní etí rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ tó yí owó náà ká?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Etí ló ń sọ ibi tí wọ́n ti máa san án. Ti Parys sọ pé Anglesey, London tàbí Liverpool ni. Ṣùgbọ́n wàá rí òmíràn tí etí rẹ̀ dárúkọ Lancaster, London tàbí Bristol, tí kò sì sí orúkọ oníṣòwò kankan lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ta lo fẹ́ bá lọ gba owó rẹ? Àwọn kan rọ irú èyí láti fi jèrè lásán. Àwọn mìíràn mú ojú owó kan, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìn òmíràn, kí wọ́n lè tà á fún àwọn tó ń kó o jọ. Torí láyé ìgbà náà gan-an ni kíkó o jọ ti bẹ̀rẹ̀. James Conder ará Ipswich ti tẹ ìwé àkójọ rẹ̀ jáde ní 1798, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe àwọn owó yìí.

Ìbéèrè: Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ti Coventry, ọdún 1792, dára: Godiva, obìnrin inú ìtàn àtijọ́ ìlú náà, wà lórí ẹṣin lójú rẹ̀, erin wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú: ọmọ adúláwọ̀ kan tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè kúnlẹ̀, ó ń béèrè bóyá òun kì í ṣe ènìyàn àti arákùnrin. Owó tí wọ́n fi ń ra búrẹ́dì ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri ọjà wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá ń kó owó àtijọ́ jọ yẹ kó ní ọ̀kan.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fọ̀ ọ́ kó lè máa dán?

Ìdáhùn: Má ṣe é. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ti mú ní igba ọdún ni àwọn olùrà ń wá. Bó o bá bó o kúrò, kò ní padà mọ́, iye owó rẹ̀ á sì wálẹ̀.