Lébìrà ọlọ́wọ́ méjì: ráútà wo ló tó fi ṣe mesh (ráútà bíi mélòó kan tó ń gbé Wi-Fi fúnra wọn kárí ilé) sílé láìnáwó púpọ̀?

Páálí ló sábà máa ń ta ráútà. Áńtẹ́nà mẹ́fà dúró ṣánṣán bí ìwo àgbọ̀nrín, wọ́n sì kọ AC1200 gàdàgbà sí i lára. Irọ́ kọ́ ni 1200 náà, àmọ́ ìṣirò ọlọ́jà ni: 300 Mbps (ìwọ̀n ìyára dátà) ti ìgbì 2.4 GHz ni wọ́n ro mọ́ 867 ti ìgbì 5 GHz, wọ́n wá sún un sókè díẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù, ọ̀kan nínú ìgbì méjèèjì ni wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè ni bí ráútà kan yóò ṣe máa gbé dátà fún èkejì. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń da kọnkéré dẹ́kìn. Àwọn lébìrà tò lórí àkàbà, páànù ń ti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọwọ́ méjì péré lẹni àárín ní. Bó bá ń gbà lọ́wọ́, kò lè máa gbé fún ẹni òkè. Ráútà tó ń fi rédíò 5 GHz kan ṣoṣo gba dátà, tó tún ń fi í pín in fún fóònù, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Nǹkan bí ìdajì àkókò rẹ̀ ti bá gbígbà lọ. Bí ẹlòmíì bá tún tò sẹ́yìn rẹ̀, ó tún já wálẹ̀ sí i, torí orí ìkànnì kan náà ni gbogbo wọn wà: ọ̀kan ní láti dákẹ́ kí èkejì tó lè sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì Wi-Fi fi máa ń kún bámú ní yàrá ẹ̀yìn, tí fídíò sì kàn ń yí bírí.

Tri-band, ìyẹn ráútà onírédíò mẹ́ta, ni lébìrà ọlọ́wọ́ mẹ́rin, owó iṣẹ́ rẹ̀ sì wọ́n. Wáyà ni ẹ̀rọ tó ń ti kọnkéré gba inú páìpù lọ sókè. Wáyà Cat5e ń gbé 1 Gbps (1000 Mbps) dé 100 mítà, ògiri búlọ́ọ̀kù ò sì kàn án. Ráútà dual-band (onírédíò méjì) lásán méjì tí wáyà so pọ̀ sàn ju olówó ńlá mẹ́ta tó ń pariwo síra wọn. Bí wáyà ò bá ṣeé fà, agbedeméjì ni kí èkejì wà, kì í ṣe inú yàrá tí Wi-Fi ò dé rárá. Kí ló fẹ́ rí gbà níbẹ̀ tí yóò pín?

Àmọ́ kéèyàn yí páálí padà wo ihò wáyà. Ráútà AC1200 tí ihò rẹ̀ jẹ́ 10/100 nìkan (kò lè kọjá 100 Mbps) pọ̀ lọ́jà. Ẹnu ọ̀nà 100 ni wọ́n ní kí 867 gbà wọlé! 10/100/1000 ni kó jẹ́.

Mesh ilé iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ èdè ti òmíràn, ọgbọ́n àtidá oníbàárà dúró sì ni. Ráútà tòkunbọ̀ tó ń gba OpenWrt (sọfitiwia ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò ti ilé iṣẹ́) ló ń já okùn yẹn, torí ó ń lo 802.11s, ìlànà mesh tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Kó ní RAM 128 MB àti flash (ibi ìpamọ́) 16 MB. Orúkọ kan náà lè wà lára v1 àti v3 (ẹ̀dà kìíní àti ìkẹta) kí chip inú wọn má bára mu, nítorí náà, sítíkà kékeré tó wà nídìí rẹ̀ ni kéèyàn kà dáadáa kó tó sanwó.