Ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń rí nínú ọ́ìlì ẹ̀rọ

Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ ti tó pààrọ̀, á fa géèjì yọ, á fi àkísà nù ún, á tì í padà, á tún fà á yọ. Á gbé e síbi tí oòrùn wà kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa. Á fi àtàǹpàkò àti ìka ra díẹ̀ níbẹ̀, bóyá ó ṣì ń yọ̀ tàbí nǹkan ti ń ha á lọ́wọ́. Sẹ́ńsọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ara ẹ̀rọ ńláńlá kò jìnnà sí èyí. LED tàbí lésà kékeré kan ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ọ́ìlì kọjá, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ náà wà ní òdìkejì, iye tí kò sì dé òdìkejì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Kì í sùn, kò sì nílò kí wọ́n pa ẹ̀rọ kó tó wò ó.

Àwọ̀ ló sábà máa ń tanni jẹ. Tí wọ́n bá da ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì láàárọ̀, ó lè ti dúdú kó tó dalẹ́. Èédú èéfín ló ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnì sọ̀kalẹ̀, kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì sì ń gbé e káàkiri kó má baà ṣù jọ sójú kan. Dúdú yẹn, iṣẹ́ ni ọ́ìlì ń ṣe. Ṣùgbọ́n nínú gíábọ́ọ̀sì tàbí tọ́báìnì, níbi tí nǹkan kan kì í ti í jó nínú ọ́ìlì, kò sí èéfín tó máa sọ ọ́ di dúdú. Bí ọ́ìlì ibẹ̀ bá kúrò ní àwọ̀ oyin tó ń lọ sí àwọ̀ kóòkì, ooru àti afẹ́fẹ́ ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Àwọ̀ kan náà, ìtumọ̀ méjì. Ẹni tó bá fẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ sọ òótọ́ fún un gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tó fi í sí lára.

Nínú ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kì í wúlò púpọ̀, torí èédú ti dí i lọ́nà. Infrared ni wọ́n máa ń lò, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn ju ti pupa lọ, tí awọ ara ń mọ̀ bí ooru ṣùgbọ́n tí ojú kò rí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé nǹkan kọ̀ọ̀kan nínú ọ́ìlì ló ní ìgbì tirẹ̀ tó máa ń gbé mì. Omi ń gbé ìgbì tó gùn tó nǹkan bíi máíkírọ̀n 3. (Tí wọ́n bá pín mìlímítà kan sí 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni máíkírọ̀n, irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 70.) Ọ́ìlì tí ọ́síjìn ti bà jẹ́ ń gbé èyí tó sún mọ́ 5.8, torí ibẹ̀ ni ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ti ń gbọ̀n. Èédú ní tirẹ̀ kì í yàn. Gbogbo rẹ̀ ló ń dí. Nítorí náà, máíkírọ̀n 5 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, níbi tí ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kì í ti í gbé ohun tó ṣe gúnmọ́.

Kò sí èyí tó ní ìtumọ̀ láìsí ọ́ìlì tuntun tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Àwọn ọ́ìlì kan tí wọ́n fi ester, irú kẹ́míkà kan, ṣe ti ní ìsopọ̀ kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn yẹn látinú agolo. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wọn tuntun kó sì yọ ọ́ kúrò, á máa pe ọ́ìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní kọ́ńdẹ́m.

Ègé irin àti iyanrìn tó léfòó nínú ọ́ìlì ń fẹ́ ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n á mú kí ọ́ìlì gba ojú ihò tín-ín-rín kan kọjá níwájú lésà. Ègé tó bá kọjá á dá òjìji, bí òjìji bá sì ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń mọ bí ègé náà ṣe tóbi tó. Ìwọ̀n ISO 4406, tí àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún gbogbo àgbáyé gbé kalẹ̀, ń kọ iye wọn ní nọ́ńbà mẹ́ta, bíi 18/16/13: àwọn tó ju máíkírọ̀n 4 lọ, àwọn tó ju 6 lọ, àwọn tó ju 14 lọ, nínú mìlílítà kan. Ìlọ́po méjì ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. 18 jẹ́ ègé 1,300 sí 2,500. 19 jẹ́ 2,500 sí 5,000. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan péré ló fi lé kò mọ̀ pé ìdọ̀tí ti di méjì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé lésà kò mọ irin yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́. Ìhó ń dá òjìji, ẹ̀kán omi náà ń dá òjìji, gíábọ́ọ̀sì sì máa ń po ọ́ìlì bí ẹni ń lu ẹyin tó fẹ́ dín. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹ̀yìn póńpù, níbi tí agbára tó ń ti ọ́ìlì ti pọ̀ débi pé ìhó á yọ́ sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣáájú fíltà. Tó bá wà lẹ́yìn fíltà, fíltà ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Naval Research Laboratory, ilé ìwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú Lockheed Martin, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú àti ohun ìjà. Nínú ẹ̀rọ LaserNet Fines tí wọ́n ṣe, kámẹ́rà ló ń ya òjìji, kọ̀ǹpútà sì ń wo ìrísí èyí tó bá ju máíkírọ̀n 20 lọ. Èyí tó rí róbótó, ìhó ni, wọn ò ní kà á. Èyí tó gùn tó sì ká bíi pàǹtí igi tí kápẹ́ńtà fá, nǹkan líle ló ń gé irin níbì kan. Èyí tó pẹlẹbẹ tí etí rẹ̀ rí jágajàga, ojú eyín gíá tàbí béárìn ti ń ṣí.

Irú irin tó ń jẹ, òjìji kò lè sọ ọ́. Láti mọ ìyẹn, wọ́n á sun ọ́ìlì náà ní láàbù pẹ̀lú iná mànàmáná, irin kọ̀ọ̀kan á sì tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Iléeṣẹ́ rélùwéè Denver and Rio Grande ní Amẹ́ríkà ti fi èyí mọ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ bàjẹ́ ní 1946. Sílíkọ́ọ̀nù, ohun tó wà nínú iyanrìn àti eruku, tó bá ṣàdédé gòkè nínú ọ́ìlì lásìkò ọyẹ́, fíltà afẹ́fẹ́ ni kí wọ́n lọ wò: eruku ti ń wọlé.

Omi ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ọ́ìlì gbígbóná ń gba omi mọ́ra ju títutù lọ, nítorí náà èyí tó mọ́ gaara nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lè funfun bí omi ògì nígbà tó bá tutù. Sẹ́ńsọ̀ tí kò bá ka ooru pọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Gíláàsì sẹ́ńsọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá náà tún ń bẹ, òun ló sì burú jù: ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn ń jọ ọ́ìlì tó bàjẹ́. Wọ́n lè fi ọ̀nà méjì yí i ká, kí ìmọ́lẹ̀ kan rin ọ̀nà gígùn nínú ọ́ìlì, kí èkejì rin kúkúrú. Ìdọ̀tí gíláàsì á dọ́gba lára méjèèjì. Ohun tó bá kù lẹ́yìn àyọkúrò, ti ọ́ìlì ni.

Gbogbo ìyọnu yìí kò yẹ jẹnẹrétọ̀ ilé. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì wọn ní wákàtí 250, ó sì parí síbẹ̀. Ibi tó ti tọ́ ni ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná láàárín Òkun Àríwá ilẹ̀ Yúróòpù, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lókè fíofío pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún lítà ọ́ìlì, tí ẹni tó fẹ́ wò ó gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó gùn ún. Níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń wò ni bí nọ́ńbà ṣe ń rìn láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ju nọ́ńbà ọjọ́ kan lọ. Tó bá ṣàdédé fò sókè, wọ́n á rán ènìyàn lọ fa ọ́ìlì díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí láàbù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan gíábọ́ọ̀sì.