Tójú Bá Pọ́n Lẹ́yìn Ántíbáyọ́tíìkì, Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ìgbà Tó Bẹ̀rẹ̀

Lọ́dọ̀ wa, tójú bá ti pọ́n báyìí, Àpólò ni gbogbo èèyàn á kọ́kọ́ pè é, wọ́n á ní kẹ́ni náà wá dígí dúdú wọ̀ kó má bàa fi wíwò lásán kó o ran èèyàn, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á gba kẹ́míìsì lọ ra oògùn ojú. Àpólò wà lóòótọ́ o, kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ọwọ́ àti táwẹ̀lì ló sì fi ń ràn, kì í ṣe wíwò, ọdún 1969 tí Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ló bẹ́ sílẹ̀ ní Ghana, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tójú ẹ̀ pọ́n yìí lè ti máa lo ántíbáyọ́tíìkì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, torí egbò ni o, torí taifọ́ọ̀dù ni o, torí ikọ́ ni o, kò sì ní sẹ́ni tó máa ronú kan oògùn yẹn rárá.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo funfun ojú, iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín ló kún inú ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti yọ awọ yẹn lẹ́nu, èéfín, ata, kòkòrò àìsàn àbí oògùn, àwọn iṣan yẹn á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọnú wọn, ojú á pọ́n. Torí ẹ̀ ni pípọ́n nìkan ò ṣe lè sọ ohun tó fà á. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó bá a rìn ló ń tú àṣírí.

Tó bá jẹ́ pé kò tíì tó wákàtí kan téèyàn gbé oògùn mì tójú ti ń yún, tí ìpéǹpéjú ń wú, tí ara lé káàkiri, ara ẹni yẹn ló kọ oògùn náà. Ìdílé pẹnisílínì ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, amoxicillin, Ampiclox àtàwọn ẹbí wọn. Nígbà tára kọ́kọ́ pàdé oògùn yẹn, ó lè má ṣe nǹkan kan, àmọ́ á ti sàmì sí i, ìgbà tí wọ́n bá tún pàdé lá wá tú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní histamine jáde, òun ló ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń fa yíyún. Ìyẹn ni "mo ti lò ó rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan" ò ṣe jẹ́ ẹ̀rí. Tí ahọ́n tàbí ètè bá wú, tí èémí ò já gaara mọ́, pàjáwìrì nìyẹn, abẹ́rẹ́ adrenaline ló máa ń gbà, ọsibítù kíákíá.

Àmọ́ èyí tó léwu fójú jù kì í yára dé. Láàárín ọjọ́ 4 sí 28 téèyàn ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ló sábà máa ń yọjú, ẹlòmíì á ti lò ó tán pàápàá, á ti gbàgbé. Ibà ló máa ń kọ́kọ́ dé, ọ̀nà ọ̀fun á máa dunni, ojú á pọ́n, á máa ta, ó lè tó ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í sú, àmì pupa tí àárín wọn dúdú, ètè á bó, inú ẹnu á bó, ojú ara á bó, awọ á máa ṣí bí ìgbà tí omi gbígbóná dà síni lára. Ẹ kíyè sí i pé ojú lè ti sọ̀rọ̀ kí awọ ara tó sọ̀rọ̀, àsìkò yẹn gan-an sì ni wọ́n máa ń pè é ní Àpólò, tí wọ́n á ní kẹ́ni náà máa lo oògùn ẹ̀ lọ.

Stevens-Johnson ni wọ́n ń pè é, orúkọ àwọn dọ́kítà ọmọdé méjì ní Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1922, ọmọkùnrin méjì ni wọ́n rí nígbà yẹn, ibà, ẹnu tó bó, ojú tó bàjẹ́. Septrin, ántíbáyọ́tíìkì tó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sulfa nínú, wà lára àwọn oògùn tó máa ń fà á jù, Fansidar tí wọ́n máa ń lò fún ibà ẹ̀fọn tẹ́lẹ̀ náà ní sulfa. Kò wọ́pọ̀ o, èèyàn díẹ̀ ni nínú mílíọ̀nù kan lọ́dún, àmọ́ ó máa ń mú àwọn tó ní HIV ju àwọn tó kù lọ, Septrin yìí náà sì ni wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn lójoojúmọ́ kí àìsàn míì má bàa wọlé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò jà, oògùn yẹn á dà wọ́n lójú rú, wọ́n á kọjú ìjà sí awọ ara fúnra ẹ̀, wọ́n á máa pa á. Awọ ojú àti awọ inú ẹnu ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, ìyẹn ni wọ́n ṣe jọ ń bó. Tójú tó bó bá wá fẹ́ jinná, ìpéǹpéjú lè lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, irun ẹ̀ lè yí sínú kó máa ha iwájú ẹyinjú tó mọ́ gaara, omi ojú á gbẹ, àpá á bo iwájú ojú, èèyàn á wá máa fọ́jú lọ lẹ́yìn tí ara ti jinná tán. Torí ẹ̀ ló ṣe yẹ kí dọ́kítà ojú wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fọ ojú náà, wọ́n á máa tú ohun tó bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ra, nígbà míì wọ́n máa ń fi awọ inú ibi ọmọ bò ó kó lè jinná dáadáa. Kéèyàn ti dá oògùn dúró lọ́jọ́ tójú pọ́n tòun ti ibà, kó sì lọ sí ọsibítù, yàtọ̀ gan-an sí kó dúró dìgbà tí awọ bá ṣí.

Oògùn ojú tí wọ́n ń kán sójú gan-an náà lè mú kójú pọ́n. Neomycin àti gentamicin, àti kẹ́míkà tí wọ́n fi sínú ìgò ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́, lè máa bu ojú jẹ. Ojú á kọ́kọ́ máa san, tó bá ṣe díẹ̀ á tún pọ́n padà, abẹ́ ojú á gbẹ, á máa yún, ẹni náà á rò pé oògùn ò tíì tó, á tún kán òmíì sí i. Tí wọ́n bá dá a dúró ló máa ń lọ.

Tàwọn tó ń lo oògùn ikọ́ ife tún yàtọ̀. Rifampicin máa ń sọ ìtọ̀, òógùn àti omijé di àwọ̀ ọsàn, ó lè pa lẹ́ǹsì ojú láró, ìyẹn ò léwu, kẹ́nikẹ́ni má torí ẹ̀ dá oògùn dúró, torí kòkòrò ikọ́ ife á borí oògùn. Àmọ́ tí funfun ojú bá di yẹ́lò, ẹ̀dọ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, tójú ò bá sì dá pupa àti àwọ̀ ewé mọ̀ dáadáa mọ́, ethambutol, oògùn ikọ́ ife míì, ni kí wọ́n fura sí, ọjọ́ yẹn náà ni kó padà síbi tó ti ń gbàtọ́jú.

Kẹ́nikẹ́ni má kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sójú tó pọ́n, ojú tó ti bó tẹ́lẹ̀ lè tibẹ̀ kó kòkòrò míì. Páálí oògùn ni kí wọ́n mú dání lọ bá dọ́kítà, kí wọ́n sì ní kí wọ́n fi tó NAFDAC létí, torí wọ́n máa ń ṣàkọsílẹ̀ irú ẹ̀. Orúkọ tí wọ́n kọ wínníwínní sábẹ́ orúkọ ńlá yẹn sì ni kí wọ́n kọ sínú káàdì ẹni náà, Septrin àti Bactrim, co-trimoxazole ni àwọn méjèèjì, ẹni tí ọ̀kan bá ṣe báyìí, ìkejì náà máa ṣe é.