Ìṣekúpa Patrice Lumumba àti Thomas Sankara

Patrice Émery Lumumba (1925–1961) àti Thomas Sankara (1949–1987) jẹ́ olórí ìjọba méjì nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n pa kí wọ́n tó pé ọmọ ogójì ọdún. Lumumba ni olóòtú ìjọba àkọ́kọ́ tí Kóńgò ní lẹ́yìn tó gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀m. Sankara ló jẹ ààrẹ Burkina Faso láti 1983 títí di ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn pa á. Ó lé ní ọdún 26 tó wà láàárín ikú méjèèjì, síbẹ̀ wọ́n sábà máa ń dárúkọ wọn pọ̀, pàápàá láàárín àwọn ọ̀dọ́. Ohun tó so ìtàn wọn pọ̀ jù lọ ni ohun tí àwọn apani ṣe lẹ́yìn ikú wọn: wọ́n gbé òkú pamọ́, wọ́n gbé irọ́ kalẹ̀ lórúkọ ìjọba, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kí òótọ́ tó jáde.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé

Ọjọ́ 2 oṣù Agẹmọ 1925 ni wọ́n bí Lumumba ní abúlé Onalua, ní agbègbè Sankuru, láàárín àwọn ẹ̀yà Tetela. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì ló lọ. Kò kàwé jìnnà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò yéé dá kàwé fúnra rẹ̀. Ó ṣe akọ̀wé ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Stanleyville, ìlú tí à ń pè ní Kisangani lónìí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fẹ̀sùn kàn án pé ó kówó jẹ, tí wọ́n fi rán an lọ sẹ́wọ̀n ní 1956. Nígbà tó jáde, ó kó lọ sí Léopoldville (Kinshasa), ó ń bá ilé iṣẹ́ ọlọ́tí polówó bíà Polar. Iṣẹ́ yìí ṣe é láǹfààní ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Láti ilé ọtí kan dé òmíràn, àwọn ará ìlú mọ ojú rẹ̀, wọ́n mọ ohùn rẹ̀, òun náà sì mọ bí a ṣe ń bá èrò sọ̀rọ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1958, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú MNC (Mouvement National Congolais) sílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn ó lọ sí ìpàdé gbogbo Áfíríkà ní Accra, níbi tí òun àti Kwame Nkrumah ti mọra. Ó wá sí Nàìjíríà pẹ̀lú: ní oṣù Ẹrẹ́nà 1959, ó sọ̀rọ̀ níbi àpérò kan ní yunifásítì Ìbàdàn, lórí ìṣọ̀kan Áfíríkà àti òmìnira.

Ìlú Yako ni wọ́n bí Sankara sí, ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ 1949, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Upper Volta. Ọlọ́pàá ológun ni bàbá rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kó di àlùfáà ìjọ Àgùdà, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ ológun ló yàn. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ogun ní Antsirabe, ní Madagásíkà, ojú rẹ̀ ló sì ṣe ní 1972 nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ tú síta tí wọ́n fi lé ìjọba ibẹ̀ lọ. Ó mọ gìtá ta dáadáa, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Tout-à-Coup Jazz. Níbi ẹ̀kọ́ ológun ní Mọ̀rókò, ó bá Blaise Compaoré pàdé, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́.

Ipò àti ìjọba

Nínú ìdìbò oṣù Èbìbì 1960, ẹgbẹ́ Lumumba gba àga 33 nínú 137 ní ilé aṣòfin. Kò sí ẹgbẹ́ tó gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò tó dá ìjọba gbé kalẹ̀. Wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn pawọ́ pọ̀: Joseph Kasavubu di ààrẹ, Lumumba di olóòtú ìjọba. Ní ọjọ́ òmìnira, 30 oṣù Òkúdù, Ọba Baudouin ti Bẹ́ljíọ̀m dìde, ó gbóríyìn fún Ọba Leopold Kejì lórí ohun tó ṣe ní Kóńgò. Orúkọ Lumumba kò sí lára àwọn tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ó bọ́ síwájú, ó ka ohun tó ti kọ sílẹ̀. Ó sọ nípa iṣẹ́ àṣelàágùn tí owó rẹ̀ kò tó jẹun, nípa èébú àti lílù tí wọ́n ń fara dà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ nítorí pé wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará Kóńgò pàtẹ́wọ́ fún un. Inú bí ọba.

Ìjọba náà kò rí ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ, àwọn ṣọ́jà dìtẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó. Ní ọjọ́ 11, Moïse Tshombe, olórí agbègbè Katanga, kéde pé Katanga, níbi tí bàbà àti kọ́báàtì pọ̀ sí, ti yapa, àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀m sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ṣọ́jà wá, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ bá Lumumba gba Katanga padà. Ló bá kọjú sí Sófíẹ̀tì, wọ́n fún un ní ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ akẹ́rù. Ìgbésẹ̀ yìí ló sọ ọ́ di ọ̀tá lójú Amẹ́ríkà. Ohun kan wà tí àwọn tó ń yìn ín máa ń fò kọjá: ní oṣù Ògún 1960, ọmọ ogun ìjọba rẹ̀ tó lọ sí agbègbè South Kasai pa ọ̀pọ̀ aráàlú ní Bakwanga àti àyíká rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ Kasavubu yọ ọ́ nípò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 14, ọ̀gágun Joseph Mobutu, tó ti jẹ́ akọ̀wé Lumumba tẹ́lẹ̀ tí Lumumba fúnra rẹ̀ sì gbé dé ipò nínú iṣẹ́ ogun, ti gbàjọba.

Oṣù mẹ́ta ni Lumumba kò lò pé. Ọdún mẹ́rin ni Sankara lò, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ṣeé kà. Compaoré ló kó àwọn ọmọ ogun wá láti ìlú Pô ní ọjọ́ 4 oṣù Ògún 1983 tí wọ́n fi gbé Sankara, ọmọ ọdún 33, sórí oyè. Lẹ́yìn ọdún kan gééré, ó yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Burkina Faso, ilẹ̀ àwọn olóòótọ́ èèyàn. Ní ìparí 1984, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gún àwọn ọmọdé tó tó mílíọ̀nù 2.5 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, éèyi àti àìsàn yírùnyírùn. Ó ní kí àwọn mínísítà fi mọ́tò ńláńlá sílẹ̀, kí wọ́n máa gun Renault 5. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso Dan Fani, aṣọ òfì tí wọ́n fi òwú ilẹ̀ wọn hun. Ó ta ko dídá abẹ́ fún obìnrin àti fífi ọmọ fọ́kọ nípá. Ní Addis Ababa, ní oṣù Agẹmọ 1987, ó sọ fún àwọn olórí Áfíríkà pé kí gbogbo wọn jọ kọ̀ láti san gbèsè, pé bó bá jẹ́ Burkina Faso nìkan ló kọ̀, òun ò ní sí níbi ìpàdé tó ń bọ̀.

Ìjọba rẹ̀ ní ojú kejì. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì ní 1984, wọ́n yìnbọn pa àwọn tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ dìtẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ìgbìmọ̀ ààbò ìyípadà ní àdúgbò sì fìyà jẹ àwọn èèyàn bó ṣe wù wọ́n.

Ikú wọn

Lẹ́yìn tí Mobutu gbàjọba, wọ́n sé Lumumba mọ́ ilé ní Léopoldville. Ṣọ́jà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yí ilé náà ká láti dáàbò bò ó, ṣọ́jà Mobutu sì yí àwọn yẹn ká láti mú un bó bá jáde. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù Bélú 1960, ó yọ́ jáde, ó forí lé Stanleyville níbi tí àwọn èèyàn rẹ̀ wà. Àwọn ará abúlé ń dá a dúró lọ́nà kó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì ń dúró. Nígbà tó dé odò Sankuru, ó ti sọdá, àmọ́ ìyàwó rẹ̀ Pauline àti ọmọ wọn kékeré ṣì wà ní etí odò lọ́hùn-ún. Ó padà lọ bá wọn. Ọwọ́ bà á ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ.

Bárékè Thysville ni wọ́n tì í mọ́. Láti ibẹ̀ ló ti kọ lẹ́tà sí Pauline pé lọ́jọ́ kan ìtàn yóò sọ tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kọ́ni ní Brussels tàbí Paris. Ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1961, wọ́n gbé òun, Maurice Mpolo tó jẹ́ mínísítà, àti Joseph Okito tó jẹ́ igbákejì ààrẹ ilé aṣòfin àgbà, lọ sí Katanga, sọ́wọ́ àwọn ọ̀tá wọn gan-an. Wọ́n lù wọ́n nínú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n tún lù wọ́n nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n wà wọ́n lọ sínú igbó. Okito ni wọ́n kọ́kọ́ yìnbọn fún, Mpolo tẹ̀ lé e, Lumumba ló kẹ́yìn. Ọ̀gá ológun ọmọ Bẹ́ljíọ̀m ló pàṣẹ fún àwọn tó yìnbọn, Tshombe àti àwọn mínísítà rẹ̀ sì dúró síbẹ̀.

Ní ti Sankara, ọ̀sán gangan ni. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà 1987, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ó ń ṣèpàdé ní Conseil de l'Entente, ọgbà ìjọba kan ní Ouagadougou tó jẹ́ olú ìlú. Aṣọ eré ìdárayá ló wọ̀, nítorí ọjọ́ eré ìdárayá gbogbo ìlú ni. Ìbọn dún níta. Ẹni kan ṣoṣo tó yè nínú àwọn tó wà ní ìpàdé náà sọ pé Sankara ní kí àwọn yòókù dúró sínú ilé, òun ni wọ́n ń wá, ó sì jáde. Òun àti àwọn 12 mìíràn ni wọ́n pa. Compaoré di ààrẹ lọ́jọ́ yẹn, ó sì lo ọdún 27 lórí oyè.

Òkú àti ìwé

Òkú Lumumba kò rí ilẹ̀ sùn. Gerard Soete, ọlọ́pàá ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, àti ẹnì kejì rẹ̀ hú òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n sì rì wọ́n sínú ásíìdì kí ẹnikẹ́ni má bàa rí sàréè lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Èrèlé, Godefroid Munongo, mínísítà abẹ́lé Katanga, kéde pé Lumumba sá lọ, àwọn ará abúlé kan ló sì pa á. Kò dárúkọ abúlé náà. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé bí ẹnikẹ́ni bá ní àwọn ló pa á, kó mú ẹ̀rí wá.

Ní Burkina Faso, wọ́n sin òkú 13 lóru ní itẹ́ òkú Dagnoën. Ìwé ẹ̀rí ikú Sankara jáde ní ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1988, ọjọ́ tó pé ọdún 27 géérégé tí wọ́n pa Lumumba. Ohun tí dókítà kọ síbẹ̀ ni pé ikú àtọ̀runwá ló pa á. Nínú gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ ikú méjèèjì, kò sí èyí tó fi irọ́ hàn gbangba tó báyìí.

Bí òótọ́ ṣe jáde

Irọ́ Katanga kò tètè já. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà kéde ní 1975 pé àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CIA gbé májèlé lọ sí Léopoldville ní 1960 láti fi pa Lumumba, àmọ́ wọn ò lò ó, ìgbìmọ̀ náà kò sì rí ẹ̀rí pé CIA lọ́wọ́ nínú ikú tó wá pa á. Ní 1999, Soete fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, ó sì ní òun mú eyín kúrò lẹ́nu òkú náà. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Bẹ́ljíọ̀m parí ìwádìí tirẹ̀ ní 2001, ó ní àwọn kan nínú ìjọba Bẹ́ljíọ̀m ìgbà náà ní ẹ̀bi lọ́rùn ní ti ìwà ọmọlúàbí. Ìjọba tọrọ àforíjì ní 2002. Àwọn ọmọ Lumumba pẹjọ́ ní Brussels ní 2011. Ní 2016, àwọn agbófinró gba eyín kan tí wọ́n fi góòlù bò lọ́wọ́ ẹbí Soete, ní ọjọ́ 20 oṣù Òkúdù 2022 sì ni Bẹ́ljíọ̀m dá eyín náà padà fún àwọn ọmọ rẹ̀. Inú póòsì ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n gbé e dé Onalua, Kisangani àti Katanga kí wọ́n tó sin ín ní Kinshasa ní ọjọ́ òmìnira.

Ilé ẹjọ́ ni ti Sankara gbà, ìyẹn sì jẹ́ ìyàtọ̀ ńlá. Ìyàwó rẹ̀, Mariam, pẹjọ́ ní 1997, wọn ò dá a lóhùn nílé, ó gbé e dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n sì dá a láre ní 2006. Nǹkan yí padà nígbà tí aráàlú lé Compaoré lọ ní 2014. Wọ́n hú àwọn sàréè Dagnoën ní 2015, ọta ìbọn sì pọ̀ lára òkú tí wọ́n gbà pé ti Sankara ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò DNA kò fìdí ẹni tó jẹ́ múlẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ ẹni 14 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà 2021. Ní ọjọ́ 6 oṣù Igbe 2022, ilé ẹjọ́ ológun dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Compaoré, ọ̀gágun Gilbert Diendéré àti Hyacinthe Kafando tó jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́ Compaoré. Compaoré ti sá lọ sí Côte d'Ivoire, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti dájọ́ náà.

Ọwọ́ àwọn ará òkèèrè

Ẹni tó bá ń sọ pé ikú méjèèjì rí bákan náà ní ti ọwọ́ òyìnbó ń sọ ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ. Ti Lumumba ní ìwé, ó ní ẹlẹ́rìí, ó ní ìjẹ́wọ́. Ní ti Sankara, àwọn èèyàn ti fura sí Faransé, sí Félix Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire, àti sí àwọn ọmọlẹ́yìn Charles Taylor ti Làìbéríà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ apá tó kan òkèèrè kúrò nínú ẹjọ́ 2021. Emmanuel Macron ṣèlérí ní Ouagadougou ní 2017 pé Faransé máa ṣí ìwé àṣírí rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà, wọ́n sì kó díẹ̀ fún àwọn olùwádìí lẹ́yìn náà.

Ibi ìsìnkú

Mobutu fúnra rẹ̀ ló pe Lumumba ní akọni orílẹ̀-èdè ní 1966. Ibojì tí wọ́n kọ́ sí Limete ní Kinshasa ni wọ́n sin eyín rẹ̀ sí ní 2022. Ní oṣù Èrèlé 2023, ìjọba ológun Burkina Faso tún Sankara àti àwọn 12 sin ní Conseil de l'Entente, níbi tí wọ́n ti pa wọ́n. Mariam àti àwọn ẹbí kò fẹ́ kó jẹ́ ibẹ̀, wọn ò sì wá síbi ìsìnkú náà. Ibojì ńlá tí ayàwòrán ilé Francis Kéré ṣètò rẹ̀ ni wọ́n ṣí síbẹ̀ ní oṣù Èbìbì 2025.