Lẹ́ńsì ló ń ṣáájú ni, àbí mékọ́ọ̀pù?

Ìbéèrè: Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ń lọ òde, mo máa ń lé tìróò, kí n kun ìpéǹpéjú, kí n tó wá fi lẹ́ńsì, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, sójú. Kí wọ́n tó gbé ìrẹsì dé, ojú á ti máa ta mí, gbogbo nǹkan á rí bàìbàì. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Ìdáhùn: Ẹ̀yìn lo ti bẹ̀rẹ̀, àbúrò. Lẹ́ńsì ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun náà ló ń kọ́kọ́ jáde. Fọ ọwọ́, fi aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ kì í já nù ún gbẹ, fi lẹ́ńsì sójú, kí o tó ṣí àtíkè kankan. Kíríìmù tó bá ti wà ní ìka rẹ, orí lẹ́ńsì ló ń lọ, òróró tó bá sì lẹ̀ mọ́ ọn kì í fẹ́ kúrò. Nǹkan tí wọ́n ń fín sí irun nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣáájú lẹ́ńsì. Àti pé, ta ló ń lé tìróò tó gún láìríran?

Ìbéèrè: Ṣé mo ṣì lè lé tìróò sínú?

Ìdáhùn: Rárá, ìta irun ìpéǹpéjú ni kó mọ. Fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀ níwájú dígí. Ojú ihò tíntìntín wà lẹ́yìn irun yẹn, wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Ibẹ̀ ni òróró tí kì í jẹ́ kí omijé tètè gbẹ ń gbà jáde. Bí o bá kùn ún, o ti dí i nìyẹn. Ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, dúdú ti gorí lẹ́ńsì.

Ti tìróò ìbílẹ̀ tiẹ̀ tún ju ti lẹ́ńsì lọ. Òjé, irin tó jẹ́ májèlé, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2011, ní Boston, Amẹ́ríkà, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí wọ́n ń lé tìróò Nàìjíríà fún. Òjé inú tìróò náà lé ní ìdá 80 nínú 100.

Ìbéèrè: Bí mo bá délé ńkọ́? Ó máa ń ti rẹ̀ mí.

Ìdáhùn: Má tíì fọwọ́ kan owú. Masikárà tí omi kì í mú, òróró ló ń ṣí i, bí òróró yẹn bá sì bá lẹ́ńsì lójú, ó bà á jẹ́. Fọ ọwọ́, yọ lẹ́ńsì sí àtẹ́lẹwọ́, da omi tuntun tí wọ́n ṣe fún fífọ lẹ́ńsì lé e, fi ìka ra á, ṣàn án, kó tó wọ ike rẹ̀. Má ṣe bu tuntun lé ti àná. Ìgbà yẹn lo tó lè nu ojú.

Omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi inú ọ̀rá, itọ́: ìkankan ò gbọ́dọ̀ kan lẹ́ńsì. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Acanthamoeba ń gbé inú omi. Bó bá wọ ojú, oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì lè fọ́ ojú.

Ìbéèrè: Masikárà mi ti lé lọ́dún kan, kò sì tíì tán.

Ìdáhùn: Jù ú nù. Mo mọ̀ pé owó ni. Bọ́rọ́ọ̀ṣì yẹn ń ti ara irun ojú padà sínú ìgò tó ṣókùnkùn tó sì lọ́rinrin, kòkòrò fẹ́ràn irú ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta ti tó. Ike lẹ́ńsì náà, oṣù mẹ́ta. Lẹ́ńsì aláwọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ńkọ́? Má yá a, ìbáà ṣe nítorí fọ́tò lásán.

Bí ojú bá pọ́n, tó ń dùn ọ́, tí kò sì fẹ́ rí iná, yọ lẹ́ńsì, má dá a padà. Lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà, kí o mú lẹ́ńsì àti ike rẹ̀ dání.